Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Samosa Nínú Oven Kó Ró Kàù Lẹ́nu

Níbi òde tí mo bá ti gbé small chops ní Iléṣà, samosa ló máa ń kọ́kọ́ tán. Àmọ́ àwọn màmá àti bàbá tí dókítà ti ní kí wọ́n dín òróró kù kàn máa ń wò ó ni. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń yan án. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, inú òróró ni wọ́n ti ń dín in.

Ohun tó ń ba samosa oven jẹ́ ni pé àwọn èèyàn á yọ òróró kúrò pátápátá, á wá gan. Inú ìyẹ̀fun ni kí òróró wà. Ẹ bu ìyẹ̀fun gíráàmù 250, iyọ̀ díẹ̀, àti òróró ṣíbí ìjẹun 4. Ẹ má tíì da omi sí i o. Ẹ fi ìka ra á pọ̀ dáadáa, kí ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bí ẹ bá la ọwọ́ tó ṣì dì mọ́ra, tí ojú ìka yín hàn lára rẹ̀, òróró ti tó. Bó bá fọ́n ká, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kó le ju ti meat pie lọ. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹ fọ́ pòtétò bíbọ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi green peas, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata gígún àti kumin sí i, kí ẹ yí i lórí iná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó lò ó.

Ẹ pín ìyẹ̀fun sí 6, ẹ yí i pẹlẹbẹ, ẹ là á sí méjì, kí ẹ ká a bí ìwé tí àwọn ẹlẹ́pà fi ń di ẹ̀pà. Ẹ rọ nǹkan inú rẹ̀ sí i, ẹ fi omi lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí oven gbóná dé 190°C. Ìsàlẹ̀ ni iná oven gáàsì ti máa ń wá, torí náà àárín ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ fi òróró pa á lára, ẹ yí i padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kó tún lo bíi 15. Kò ní pọ́n tó ti inú òróró, ẹ má dúró dè é. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ jù o, ìyẹ̀fun àti pòtétò ṣì ni.

Bó bá di ọjọ́ kejì, oven náà ni kí ẹ fi gbé e gbóná. Microwave á jẹ́ kó rọ̀.