Bí ẹ ṣe lè ran ọmọ tó ti ń rí ìjà nínú ilé lọ́wọ́

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin màmá àgbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín báyìí, ọmọ tí wọ́n ń lu ìyá ẹ̀ lójú ẹ̀, tí wọn ò bá tiẹ̀ fọwọ́ kan òun fúnra ẹ̀ rí, ó ń dùn ún. Ìjà tẹ́ ẹ rò pé ó ti sùn kó tó bẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́.

Lílù yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ná. Ara ọmọ ò lè balẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ṣì ti ń lu èèyàn, bó ti wù kẹ́ ẹ gbàdúrà tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ rọra ṣe é o, torí ìgbà tí obìnrin bá ń lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ẹ kó ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì ATM, owó díẹ̀ àti aṣọ sínú báàgì kan, ẹ gbé e sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré mọ̀ torí ó lè sọ ọ́ láìmọ̀. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, òfin ti wà lórí ìwà ipá nínú ilé látọdún 2007, kóòtù lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lù yín má sún mọ́ yín mọ́. Àjọ ìjọba tó ń rí sí i ni DSVA, nọ́ńbà wọn ni 08000 333 333, kò ní jẹ owó fóònù yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọmọ yín dáadáa. Èyí tí kì í tọ̀ sílé mọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀, inú á máa run ún láràárọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò wọn ò ní rí nǹkan kan, ìlẹ̀kùn á pa gbàà, àyà ẹ̀ á já. Òmíràn á máa lu àbúrò ẹ̀ bó ṣe rí i. Èyí táwọn èèyàn kì í fura sí ni ọmọ tó dáa jù, tó ń fọ abọ́, tó ń tọ́jú àbúrò, tó ń wojú yín bóyá ẹ ti sunkún, gbogbo ará ilé á máa yìn ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ọmọ nítorí pé ó tọ̀ sílé, ẹ má sì pè é ní atọ̀ọ́lé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ ní: "Mo mọ̀ pé o rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò dáa. Ìwọ kọ́ lo fà á." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ọmọdé sábà máa ń rò pé owó iléèwé òun ló dá ìjà sílẹ̀, torí náà ẹ máa tún un sọ. Tí kò bá fẹ́ fọhùn, ẹ fún un ní bébà kó yàwòrán. Ẹ má sì bú bàbá ẹ̀ sí i létí, ọmọ lè máa bẹ̀rù bàbá kó sì tún fẹ́ràn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń bú u, á máa fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹbí pè é wá sípàdé kó wá sọ ẹni tó jẹ̀bi, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ lè bọ́ nínú ẹ̀ o. Obìnrin onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Emmy Werner, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní Kauai, ní Hawaii, lọ́dún 1955, títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí nǹkan le fún jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣì yanjú, wọ́n sì sábà máa ń ní àgbà kan tó dúró tì wọ́n, bóyá màmá àgbà, bóyá tíṣà. Torí náà ẹ̀yin àǹtí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń bọ̀, ẹ wá. Kí oúnjẹ àti oorun ní àsìkò tiwọn.

Tó bá ti lé lóṣù kan tí àlá burúkú ò lọ, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, Yaba àti Aro ń tọ́jú ọmọdé náà, kì í ṣe wèrè nìkan. Tó bá sọ pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún dókítà o, torí tẹ́ ẹ bá fi bò, oògùn ibà ni wọ́n máa fún yín.