Títọ́jú ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn nílé: ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ojú nìkan wò ó

Ẹ kú ilé o, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ nílé, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú màmá mi ní Ṣágámù lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú wọn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn, èmi àti ọmọ mi obìnrin la wà nílé, àbúrò mi máa ń ti Ìjẹ̀bú-Òde wá tó bá ti di Sátidé. Lọ́jọ́ tí ọsibítù ní ká máa lọ sílé, báàgì oògùn ni wọ́n gbé fún wa, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó sọ bá a ṣe máa yí wọn, kò sẹ́ni tó sọ bá a ṣe máa fún wọn lóúnjẹ. Ohun tí mo padà wá mọ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, kó má lọ jẹ́ pé egbò ló máa kọ́ ẹ̀yin náà bó ṣe kọ́ mi.

Egbò orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo fi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò lè yí ara ẹ̀ padà, gbogbo ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ, ìdí, gìgísẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ìgúnpá, èjìká lẹ́yìn, ìpàkọ́, ara á tẹ ibẹ̀ mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá dáadáa, ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú látinú. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí egbò tó kéré lójú, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i, ihò ńlá ló wà lábẹ́. Torí náà ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, àfi tí nọ́ọ̀sì tó ti rí fóòmù yín bá ní ẹ lè jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wà lórí àga, ẹ mú un tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ má jẹ́ kó jókòó gbọnin títí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rè é. Wọ́n ní kí n máa wo ibi tó bá pọ́n. Mo wò ó, mo tún un wò, kò síbi tó pọ́n, màmá mi dúdú minimini. Kí n tó mọ̀, awọ ìdí wọn ti bó. Awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n tí egbò bá ń bọ̀, awọ òyìnbó ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo láàárín àwọn òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é kó pọ́n.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún un láràárọ̀, ẹ ṣí wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ wọlé tàbí kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi awọ ibi egungun wé awọ tó wà nítòsí ẹ̀. Ṣé ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, àbí ó ń dán, àbí ó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò? Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbóná ju ara tó kù lọ, àbí ó tutù? Ṣé ó le, àbí ó rọ̀ kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀ bíi máńgòrò tó ti pọ́n jù? Ẹ bi í bóyá ó ń dùn ún, tí ò bá lè sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá tẹ ibẹ̀. Èyíkéyìí nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má fi ibẹ̀ sùn lé nǹkan kan mọ́ títí ara ibẹ̀ fi máa padà sípò. Tí awọ bá ti bó, ó di ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má bu àgúnmu sí i o.

Àwọn nǹkan kan wà táwọn èèyàn wa ń ṣe tí kò dáa. Wọ́n á fi sípírítì àti páúdà ra ẹ̀yìn aláìsàn, awọ á gbẹ, á sán. Wọ́n á máa fọwọ́ ra ibi tó ti ń bàjẹ́ gìrìgìrì, ńṣe nìyẹn ń ba ẹran ibẹ̀ jẹ́ sí i. Wọ́n á rọ omi sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n á fi sábẹ́ gìgísẹ̀, èmi náà ṣe é rí. Ìrọ̀rí ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ojúgun láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan rárá. Tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kó fi egungun ìbàdí dùbúlẹ̀ gangan, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí ìró tẹ́ ẹ ká ti ẹ̀yìn ẹ̀ kó fara tì í díẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ lórí fóòmù o, èèyàn méjì ni kó di ìró tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ mú ní ọ̀tún ní òsì, kí wọ́n jọ gbé e. Apá tí ò ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ má fi í fa èèyàn dìde láé, èjìká á yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ dúdú yìí náà ló kan ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, fi ohun tí ẹ̀rọ yẹn sọ wé ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, wọ́n rí i pé àṣìṣe tó ń sọ pé atẹ́gùn tó nígbà tí kò tó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti òyìnbó lọ. Tí ẹ̀rọ bá ní kò séwu àmọ́ tẹ́ ẹ rí i pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí imú ẹ̀ ń fẹ̀, tí ò lè sọ̀rọ̀ tán kó tó mí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, omi lásán ló sì máa ń yára gba ibi tí ò yẹ, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di òtútù àyà. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, mo mọ̀ pé màmá á máa béèrè gààrí, ó dùn mí láti fi du màmá mi, ṣùgbọ́n gààrí mímu jẹ́ omi tó ṣàn pẹ̀lú hóró nínú, nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó léwu fún ẹni tó máa ń wúkọ́ tó bá mu omi. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbà wá. Ewùrà tútù, ẹ jẹ́ kó jiná dáadáa, ẹ fi ṣíbí tẹ kókó ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yọ gbogbo eegun ẹja kúrò, ẹ dín iyọ̀ àti magí kù torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀kọ tó ki náà dáa, ẹ po ẹyin tàbí ẹ̀wà tẹ́ ẹ ti lọ̀ mọ́ oúnjẹ, egbò kì í tètè jiná láìsí irú wọn. Kó jókòó ṣánṣán, kó tẹrí síwájú díẹ̀, ṣíbí kékeré, kẹ́ ẹ dúró kó gbé e mì kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó kú, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ kó tó tó ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ sì fọ ẹnu fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ìdọ̀tí ẹnu náà ń fa òtútù àyà.

Lẹ́yìn tí màmá mi ti lọ, wọ́n pè mí sí Sábó níbí torí àgbà Haúsá kan tí rọpárọsẹ̀ mú, tó ti ń ṣòwò obì látìgbà èwe. Gbogbo ilé ní orí Àlàájì ti dàrú torí wọn ò dáhùn ẹnikẹ́ni tó bá sọ Yorùbá sí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi ń sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ wọn sọ Haúsá díẹ̀, bàbá bú sẹ́kún. Rọpárọsẹ̀ lè mú èdè kan lọ kó fi èkejì sílẹ̀. Tí aláìsàn tẹ́ ẹ ń tọ́jú ò bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, Haúsá ni o, Ẹ̀gùn ni o, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin sí márùn-ún ní èdè ẹ̀ sára páálí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: tiwa nígbà yẹn ni ruwa (omi), fitsari (ìtọ̀), ciwo (ìrora), yunwa (ebi). Ẹ béèrè ta ló lè rí ìhòòhò ẹ̀, Àlàájì ò fẹ́ kí obìnrin wẹ̀ fún wọn, ọmọ wọn ọkùnrin ni mo kọ́. Ẹ béèrè ìrun, wọ́n ń fi òkúta mímọ́ ṣe tàyámọ́mù, ìyẹn àlùwàlá láìlo omi, lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà Ààwẹ̀ wọ́n fẹ́ gbààwẹ̀ pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, a pe lèmọ́mù àti dókítà, àwọn méjèèjì ló ní kí wọ́n jẹun.

Rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n ń fi sí ara aláìsàn kí ìtọ̀ lè máa gbà á jáde: báàgì ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ inú ara lọ, àmọ́ kó má kan ilẹ̀. Tí ìtọ̀ ò bá wá mọ́, tí ara bá gbóná, ọsibítù ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró torí pé wọ́n wọ̀n ọ́n tó dáa, oògùn yẹn ló jẹ́ kó dáa, tẹ́ ẹ bá sì ń fún un ní àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Ẹni tó ń tọ́jú náà ńkọ́. Ọdún kẹta ni ẹ̀yìn dá mi dúró, mi ò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ yí i àti apá tẹ́ ẹ yí i sí, oúnjẹ, oògùn, ìgbẹ́, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè bá a lọ. Tí gbogbo ẹbí bá wálé fún Ojúde Ọba, ẹ pín òru láàárín ara yín kí wọ́n tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá gba òru kan, kó gba fóònù tí áláàmù wákàtí méjì méjì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ ẹ̀ kan ìdí màmá yín, kó lè mọ bó ṣe rí nígbà tí kò bá séwu.