Wákàtí 30 lóde ẹ̀rí: ibi tí àsìkò mi lọ gan-an

Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni mí, mo gba fọ́ọ̀mù aṣáájú-ọ̀nà olùrànlọ́wọ́ (ìyẹn Ẹlẹ́rìí tó pinnu láti fi wákàtí 30 wàásù lóṣù kan) fún oṣù Júláì 2024, mo ya ₦8,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí ó ti tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ wákàtí 9 péré ló wà nínú jọ́tà mi. Mi ò sì jókòó sílé o! Láago méje àbọ̀ àárọ̀ Sátidé mo ti máa ń wà létí títì, mò ń dúró de máíkírà.

Fún ẹni tí kì í ṣe Ẹlẹ́rìí Jèhófà: láti Nòfẹ́ńbà 2023, akéde (Ẹlẹ́rìí tó ń wàásù) ò ròyìn wákàtí tó fi wàásù mọ́, ó kàn máa sọ pé òun kópa lóṣù yẹn ni, àmọ́ àwa tá a bá gba aṣáájú-ọ̀nà ṣì ń kà á. Wákàtí 50 lóṣù ni ti olùrànlọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dín in kù sí 30. Mo wá rò ó pé wákàtí méjì-méjì lọ́jọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó parí. Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn, torí ìgbà téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù gan-an la máa ń kà, kì í ṣe ìgbà tó jáde nílé, tó bá sì ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ó tán nìyẹn, ọkọ̀ àtipadà sílé ò sí ńbẹ̀, oúnjẹ ò sí ńbẹ̀.

Ti ìmúrasílẹ̀ àti ìpàdé àárọ̀ ká tó jáde, mi ò ní sọ ìyẹn. Ti géètì ni kí n sọ.

Ẹsitéètì kan wà ní ìpínlẹ̀ ìwàásù wa n'Íbàdàn, ìyá kan tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló ní ká wá kí òun níbẹ̀ ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún a ti débẹ̀, èmi àti sísítà àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàbá géètì ní, "Kóòdù dà?" Kóòdù wo? Ó ní onílé ló máa fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, láìsí ìyẹn ẹnikẹ́ni ò wọlé. A pe ìyá yẹn, fóònù ò lọ. A tún pè é. A fi téèsì ránṣẹ́. Oòrùn ti ń mú, kò síbi ìjókòó, búlọ́ọ̀kù méjì ni mo tò pọ̀ kí sísítà fi jókòó, mọ́tò ń fọn fèrè ń wọlé, wọn ò bi wọ́n ní kóòdù kankan, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo fẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀, bàbá yẹn ní, "Ẹ má bínú màámi, tí mo bá ṣí i fún yín, iṣẹ́ mi ló máa lọ yẹn," mo sì rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìṣẹ́jú 80 la lò níbẹ̀. Nínú ẹ̀, bóyá ìṣẹ́jú 15 la fi ka Ìfihàn 21:4 fún bàbá yẹn tá a sì jọ sọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ni mo kọ sí jọ́tà, èyí tó kù, mò ń wo géètì ni, mi ò lè pè é ní ìwàásù.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 25 kí kóòdù tó dé. Ilé mẹ́rin la kọ́kọ́ kàn tó wà lójú ọ̀nà: méjì ò dáhùn, ọmọdé kan ní màámi òun ò sí nílé, bàbá kan dáhùn láti ojú wíńdò pé Mùsùlùmí làwọn. Ìyá yẹn ló wá kù, ó fún wa lómi, ó bẹ̀bẹ̀ pé NẸ́PÀ ò mú iná wá, fóònù òun kú ni, ló bá bi wá bóyá ọkọ òun tó ti kú ń rí òun. Oníwàásù 9:5, tó ní àwọn òkú ò mọ nǹkan kan, mi ò ṣí Bíbélì kó tó jáde lẹ́nu mi, a wá ṣí i kóun fúnra ẹ̀ kà á. Ogún ìṣẹ́jú! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé láago méjì ọ̀sán tí mo ṣírò ẹ̀, mo ti fi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ wà níta, ìṣẹ́jú 35 péré ni mo fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ gidi.

Mo yí gbogbo ẹ̀ padà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò tiwa, láago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, àwọn tó ń lọ ata, fọkanáísà, torí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, kò sí géètì, wọ́n sì máa ń fẹ́ gbọ́ tí oníbàárà ò bá sí ńlẹ̀. Ìpadàbẹ̀wò (pípadà lọ bá ẹni tá a ti wàásù fún) tó jìnnà, mo ń fi fóònù ṣe é lálẹ́. Wákàtí 31 ni mo parí oṣù yẹn sí, mo ṣe é o, àmọ́ ₦14,600 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn onímọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba aṣáájú-ọ̀nà olùrànlọ́wọ́, ẹ má náwó ọkọ̀ lọ síbi tó jìnnà nítorí ilé kan ṣoṣo, ẹ mú omi dání, kẹ́ ẹ sì bi onílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bóyá géètì wọn ń gba kóòdù. Ìyá yẹn ti mọ̀ báyìí, alẹ́ Fúráìdé ló ń fi tèmi ránṣẹ́.