Bí íńkì bá ń ran ọwọ́ lójú fọ́tò: ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó pe ẹni tó ń tún prínńtà ṣe, ẹ gbé fọ́tò tó bàjẹ́ sábẹ́ iná, kí ẹ wo ibi tí íńkì ti pa. Bó bá jẹ́ etí bébà nìkan, níwájú tàbí lẹ́yìn, hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn apá prínńtà tó ń fọ́n íńkì, ló ń gbá bébà. Àmì tótòtótò tó tò tẹ̀léra, iṣẹ́ rólà tó ń fa bébà kọjá ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn bébà ló dọ̀tí, íńkì ti dà sí ibi tí bébà ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n bí etí bá mọ́ tónítóní, tó sì jẹ́ pé gbogbo ibi dúdú ló ń ran ọwọ́, a jẹ́ pé íńkì àti bébà ò bára mu. Èyí ló ń jẹ owó jù, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé kò tíì gbẹ ni.

Ẹni tó bá ti wo aláró lẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo á tètè yé. Aró tó wọ inú òwú kì í ran ara. Èyí tó kàn jókòó sójú aṣọ, tí wọn ò ṣàn dà nù, ló ń ran ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Lúbúlúbú inú omi ni íńkì pigment, kì í yòrò bíi ti dye, irú íńkì kejì. Ìpara tí wọ́n fi bo ojú bébà ló ń fa omi mu, tó sì ń di lúbúlúbú náà mú. Bí ìpara ò bá gbà á, ojú bébà ló máa wà títí.

Dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Dúdú méjì ló wà nínú àwọn prínńtà tó dára: Matte Black fún bébà òwú tí kò dán, Photo Black fún bébà dídán, luster (tó ń dán díẹ̀) àti baryta (irú bébà fọ́tò mìíràn). Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń yan dúdú, ohun tí ẹ mú ní Media Type, níbi tí ẹ ti ń sọ irú bébà fún prínńtà, ló ń yàn án. Ẹni tó bá fi luster sínú ẹ̀rọ, tó wá gbàgbé Media Type sórí bébà òwú látijọ́ àná, Matte Black ló máa tẹ̀ jáde, á sì máa ran ọwọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Oòrùn kò ràn án, fáànù kò ràn án. Ẹ tẹ òmíràn. Ojú ọ̀nà kan náà ni dúdú méjèèjì ń gbà nínú Epson P800, ẹ ó sì rí i pé ó ń pààrọ̀. P900 ò ní fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀ fún yín, nítorí ihò tirẹ̀ ni dúdú kọ̀ọ̀kan ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ojú bébà gan-an lẹ tẹ̀? Bébà òwú mìíràn, ojú kan ṣoṣo ló ní ìpara. Ẹ fi omi díẹ̀ kan ìka, kí ẹ fi kan igun bébà lójú àti lẹ́yìn. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ ìka ni ojú. Bébà dídán tí wọ́n ṣe fún íńkì dye nìkan wà pẹ̀lú. Pigment kì í dúró lórí irú ẹ̀.

Bí dúdú àti ojú bébà bá tọ̀nà, ó lè jẹ́ pé íńkì ti pọ̀ jù. Ẹ gé bébà kan sí mẹ́rin, kí ẹ tẹ àpótí dúdú sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Color Density, tó ń sọ bí íńkì ṣe máa pọ̀ tó, ní 0, -5, -10 àti -15. Ẹ fi tíṣù funfun nù wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lọ́jọ́ kejì. Ẹ mú nọ́ńbà tó kọ́kọ́ jáde láìran tíṣù, bí dúdú rẹ̀ bá ṣì jinlẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń ran tíṣù gidi lọ́jọ́ kejì kò ní gbẹ mọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ Media Type. Tó bá sì jẹ́ bébà òwú, tí ẹ rí eruku dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ péré, ìwà rẹ̀ nìyẹn, kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ pa òun lójú.

Òjò ló kù. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, ìgbà yẹn náà ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ fọ́tò Arugbá ńlá, tí wọ́n á ní kó jáde lọ́la. Afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, bébà náà á sì mu tiẹ̀. Á rú sókè bí páànù òrùlé, hẹ́ẹ̀dì á gbá a. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Ẹ jẹ́ kí yàrá wà láàárín 40% sí 60%. Ẹ̀rọ amúlétutù lè fa ọ̀rinrin náà, àmọ́ ẹ tàn án fún wákàtí díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí bébà bá ti wọlé. Ẹ gbé páálí bébà sí yàrá náà fún ọjọ́ kan kí ẹ tó tú u, ẹyọ tí ẹ nílò ni kí ẹ mú, kí ẹ sì dí ọ̀rá padà. Bébà tó bá ti rú, ẹ fi sáàárín páálí méjì tó mọ́, kí ẹ gbé ẹrù wúwo lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bó bá ṣì ń gbá, ẹ gbé hẹ́ẹ̀dì sókè: Platen Gap lọ sí Wide lórí Epson, Prevent paper abrasion lórí Canon. Ẹ fi àlàfo funfun sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn èérún òwú kúrò lójú bébà. Okùn òwú kan tó bá rọ̀ mọ́ abẹ́ hẹ́ẹ̀dì á máa wọ́ íńkì kiri bíi gègé. Fún àmì rólà àti ẹ̀yìn tó dọ̀tí, ẹ máa fi bébà lásán kọjá títí yóò fi jáde láìní àbàwọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ nù inú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì. Òun ni prínńtà fi ń mọ ibi tó dé.

Iná tó lọ láàárín iṣẹ́ máa ń fi hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ láìní ìdérí, íńkì á gbẹ sí ihò, pàápàá nígbà ọyẹ́. UPS tó lè gbé prínńtà parí bébà kan ti tó. Bí iná bá padà dé, ẹ tẹ nozzle check, àyẹ̀wò bóyá ihò íńkì ti dí, kí ẹ tó fi bébà olówó sí i.

Tó bá jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbalasa fún ìṣẹ́jú 15, kí fáànù máa fẹ́ yàrá, kì í ṣe fọ́tò, torí eruku. Lẹ́yìn náà ẹ fi bébà lásán bò ó fún wákàtí 24, kí ẹ pààrọ̀ bébà náà tó bá rú. Nígbà òjò, ẹ sọ ọ́ di 48. Luster àti bébà dídán onírọ́bà ni kí ẹ má kánjú gbé sí férémù: omi glycol inú íńkì ṣì ń jáde díẹ̀díẹ̀, abẹ́ gíláàsì ló sì máa kóra jọ sí bíi kùrukùru. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ gbé fọ́tò fún un láìtíì sí férémù, kí ó padà mú férémù wá lọ́jọ́ kẹta.