Ìtàn ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa n'Íbàdàn: bí ẹ ṣe máa wá a

Ẹ jọ̀ọ́, tí ìyá yín àgbà bá ti ṣẹgbẹ́ rí n'Íbàdàn, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ẹgbẹ́ yẹn báyìí, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe láìbúrárì. Ẹ wá kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n to fọ́tò gbogbo wọn sí pẹ̀lú gèlè tó bára mu, tí wọ́n kọ orúkọ àti oyè sísàlẹ̀: Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, Akápò, Bàbá Ìsàlẹ̀. Tiwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ikán ti jẹ etí ẹ̀ kan àmọ́ orúkọ ṣì ṣeé kà. Ẹ fi fóònù yà á níbi tó wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, bébà tó ti gbó bẹ́ẹ̀ á kàn já ni. Ẹ tún yí abọ́ àti tíréè tí wọ́n pín níbi ìnáwó wò, ọdún sábà máa ń wà lára wọn.

Ẹ wá gbé fọ́tò yẹn lọ bá àwọn àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo lẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, "ó ti pẹ́" ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé ańkárá wo lẹ kọ́kọ́ jọ rà, ilé ta lẹ ti ń ṣèpàdé, èló lẹ̀ ń dá lóṣù. Ìbéèrè owó yẹn ló dáa jù lójú tèmi. Tó bá jẹ́ ṣílè ni wọ́n ń dá, ẹgbẹ́ yẹn ti wà kí náírà tó dé loṣù kìíní 1973. Tí wọ́n bá rántí ìnáwó kan tí mọ́tò ṣì ń gba ọwọ́ òsì, á jẹ́ kó tó di oṣù kẹrin 1972. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 ńkọ́, àgbà Ìbàdàn wo ló gbàgbé ẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ṣáájú ẹ̀ ni àbí lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá kan sọ fún mi pé "mo wà nínú oyún àkọ́bí mi nígbà tá à ń dá ṣílè méjì-méjì", 1964 ni wọ́n bí ọmọ yẹn, bá a ṣe mú ọdún nìyẹn.

Ẹ gbọ́ àwo orin àtijọ́ náà. Àwọn olórin bíi Haruna Ishola àti Ebenezer Obey máa ń ki ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ, ẹ gbọ́ ọ dópin.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn alákọ̀wé ni, irú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán ti 1914 tàbí Ibadan Progressive Union ti 1930, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì Oyo Prof àti Iba Div, ìyẹn ìwé ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó fún Oyo Province àti Ibadan Division. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ò fi bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà síjọba, inú àpótí Akápò ni ìwé tiwọn wà, ìwé èésú, káàdì owó oṣù, ẹ fi sùúrù bẹ àwọn ọmọ ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá sì ti pín sí méjì rí, ẹ gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, kẹ́ ẹ má kọ gbèsè ẹnikẹ́ni síta.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tẹ fọ́tò kàlẹ́ńdà yẹn jáde gàgàrà, kẹ́ ẹ mú un padà lọ fún wọn. Ìyá tí mo mú tiwa lọ fún fọwọ́ lé ojú kọ̀ọ̀kan, ó ń pe oríkì wọn, mo yáa tan rẹ̀kọ́dà.