Bí mo ṣe mú Bàámi padà dé Kotokuraba

Ọmọ ọdún 13 ni Bàámi nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Gánà. Òfin náà jáde lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún àlejò tí ò níwèé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Agbo ilé mélòó ló wà nílùú wa tí ò lẹ́ni tó gbé Gọ́ọ̀lù (Gold Coast, orúkọ Gánà àtijọ́) rí? Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló ń ta aṣọ lọ́jà Kotokuraba nílùú Cape Coast. Ohun tí apá wọn ká ni wọ́n dì, ìyókù di àwátì.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàámi ti ń sọ pé àwọn ó fojú kan ọjà yẹn kí àwọn tó kú. Èmi ní tèmi, ilé olódi tí wọ́n ń kó ẹrú sí nílùú náà láyé àtijọ́, tí Obama lọ, ni mo fẹ́ rí. Mo bá pa méjèèjì pọ̀, mo ní ká máa lọ. Màámi ní àwọn ò lọ, ta ni yóò bá àwọn ṣọ́ adìyẹ?

Ìmúrasílẹ̀ ò le. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà kó tó wọ Gánà. Páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ti tó. A kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ajé, a sùn sí Èkó, ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ kejì tá a fi wọ bọ́ọ̀sì Accra. Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Aflao: bodè lórí bodè, ìbéèrè kan náà. Ká tó dé, ẹsẹ̀ Bàámi ti wú. Ẹni tó bá fẹ́ mú àgbàlagbà rin ọ̀nà yìí, kó sùn sí Lomé. Èmi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Láti Accra sí Cape Coast ku bíi kìlómítà 145, ìyẹn ò nira.

Ti agogo ni àṣìṣe mi kejì. Gánà fi wákàtí kan gbẹ̀yìn wa, agogo ọwọ́ mi sì ṣì ń ka ti Ògbómọ̀ṣọ́. A dé ẹnu géètì ilé olódi náà, wọn ò tíì ṣí i. Obìnrin kan ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn, lẹ́bàá odi. Bàámi ra ẹyọ kan, wọ́n ń ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí lẹ́tà, wọ́n gbé e sún mọ́ imú. "Ti Fante nìyí. Ti Accra, háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń dì í." Wọ́n fìka bù ú, wọ́n rì í sínú ata lílọ̀, wọ́n fi ẹja díndín tẹ̀ lé e. Mo tọ́ ọ wò, ó kan. Ọmọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni mí, mo dá a padà fún wọn.

Níbi tíkẹ́ẹ̀tì, owó àlejò ju ti onílé lọ. Bàámi bá bẹ̀rẹ̀ Fante, èdè ìlú náà, Fante tí n ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láyé mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ń pè wọ́n ní bàbá, ó sì gba owó àlejò lọ́wọ́ wa.

Ògiri ibẹ̀ funfun báláú, ìbọn àgbá tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn kọjú sókun. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ mọ odi síbẹ̀ ní 1653. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣàkóso Gold Coast kí wọ́n tó gbé olú ìlú lọ sí Accra ní 1877. Sàréè wà lágbàlá. Ọ̀kan jẹ́ ti Philip Quaque, ọmọ ìlú náà, tí wọ́n fi joyè àlùfáà Áńgílíkà ní 1765, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

"Crowther ńkọ́?" ni Bàámi wí.

Ọmọkùnrin tó ń mú wa káàkiri rọra dáhùn pé ọdún 1843 ni Crowther tó di àlùfáà. Bàámi ò jánu. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù ni àwọn ń sọ, 1864, ta ló ṣáájú ọmọ Òṣoògùn níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ariyànjiyàn tán nígbà tá a wọ iyàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú ọkùnrin sí. Ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, wọ́n la ojú àgbàrá sáàárín rẹ̀ fún ìdọ̀tí, fèrèsé ò ju ihò kan lókè téńté. Ojúbọ Nana Taabir wà nínú ẹ̀, òrìṣà àpáta tí wọ́n kọ́ odi náà lé. Ọmọkùnrin náà paná. Mo gbọ́ mímí Bàámi. Ó tanná padà, ó ní ilé ìjọsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lókè orí wa. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bàámi. Wọ́n wo òkè, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún dé e.

Àmì ìrántí tí Obama àtìyàwó rẹ̀ ṣí wà lára ògiri: ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2009. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Bàámi ní ti ọkọ kọ́ ni kí n máa wò, ará Kenya ni bàbá rẹ̀. Ìyàwó ni ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ. Òótọ́ ni, n ò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà la gbà jáde. Apẹja kún ìta fọ́fọ́, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Tẹ́ ẹ bá bojú wẹ̀yìn, Ẹnu Ọ̀nà Ìpadàbọ̀ ni wọ́n kọ sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé egungun ẹrú méjì gbà wọlé ní 1998, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Jàmáíkà. Fort William tó wà lórí òkè, èmi nìkan ló gùn ún. Ẹ gùn ún tí ẹsẹ̀ yín bá gbà.

Akàn ni ìlú náà fi ṣàmì, ara akàn náà sì ni Kotokuraba ti mú orúkọ. Wọ́n ti tún ọjà náà kọ́. Bàámi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí ibì kan tí wọ́n dá mọ̀. Wọ́n dúró síbi tí oòrùn ti ń pa wá, wọ́n ń fọwọ́ wọn ilẹ̀: ibí yìí ni, rárá, ibẹ̀ yẹn. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé ká jókòó.

Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ló gbé àpótí fún wọn. Wọ́n sọ Fante títí. Ó gbé ọṣẹ dúdú kan lé wọn lọ́wọ́, ó pè é ní "alata samina". Bàámi bú sẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, o gbọ́? Aláta ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí. Ọṣẹ aláta nìyí, ọṣẹ tiwa!" Wọ́n ra mẹ́wàá.

A gbé e kọjá bodè mẹ́ta. Nígbà tí Bàámi tú u sílẹ̀ ní pálọ̀, Màámi gbé ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wo Bàámi, wọ́n wò mí.

"Ṣé ọṣẹ dúdú tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"