Òrùlé ilé-ìwé ọmọ yín ń jò: bí òbí ṣe lè lé ọ̀rọ̀ náà títí ìjọba yóò fi dáhùn

Ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ká ọ̀pọ̀ òbí lára títí dìgbà tí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé tó ní àwọn mẹ́fà làwọn ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, tàbí pé òjò rọ̀, wọ́n sì kó kíláàsì mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Inú á bí èèyàn, ó sì yẹ kó bí i. Ṣùgbọ́n bí ìbínú náà bá parí sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ilé-ìwé, òfo ni. Ọ̀gá kọ́ ló ń kan òrùlé, òun kọ́ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Ohun tó ń mú ọ́fíìsì ìjọba dáhùn ni ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, tó dé ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, tí òbí púpọ̀ sì fọwọ́ sí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nílẹ̀ Yorùbá la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Ẹ mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bó jẹ́ òrùlé, òrùlé ni. Bó jẹ́ olùkọ́ tí kò tó, ẹ má fi ilé ìyàgbẹ́ kún un. Lẹ́tà tó bá to ìṣòro mẹ́wàá, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n máa yanjú: wọ́n á kun géètì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kà á. Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ẹ lọ lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ Jímọ̀, torí ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pé nígbà náà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kíláàsì, iye ọmọ tó wà níjòókòó, iye olùkọ́, iye bẹ́ǹṣì, àti iye ojú ibi tí òrùlé ti lu. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọmọ 35 ló yẹ olùkọ́ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ka 90, nọ́ńbà méjèèjì ni kí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Àwọn ọmọ ti pọ̀ jù" kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ ya ilẹ̀ tí omi wà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojú ọmọ kankan hàn nínú fọ́tò.

Ẹ mọ ohun tí òfin sọ kí ẹ tó jáde. Òfin UBE ti ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lòdì sí i lè san ìtanràn tó tó ₦10,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀. Ẹ má lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ báárà.

Ta ni ẹ máa wá kọ̀wé sí? Ibí ni ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú ti ń bàjẹ́, torí gómìnà ni gbogbo ènìyàn ń kọ̀wé sí. Pípín olùkọ́ láàárín àwọn ilé-ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ES. Ilé kíkọ́ àti gbígba olùkọ́ tuntun wà lọ́wọ́ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Gọ́tà àti ààtàn iwájú ilé-ìwé, ti káńsù ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, nítorí náà ẹ lè bi alága léèrè ohun tó fi tirẹ̀ ṣe.

Ẹ má dá nìkan kọ̀wé. Òbí tó dá nìkan kọ̀wé, ọmọ rẹ̀ lè jìyà rẹ̀ ní kíláàsì, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dákẹ́. Ó yẹ kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC, tí òbí, ará àdúgbò àti àwọn tó ti jáde níbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí ọ̀gá fi orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà hàn yín, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ orúkọ lásán ló wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pe ìpàdé. Ìpàdé wákàtí kan ti tó. Kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wá kọ orúkọ, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má ní kí olùkọ́ fọwọ́ sí i, iṣẹ́ wọn lẹ fi ń ṣeré. Ẹ má gba owó kọjá ti fọ́tòkópì, kí ẹ sì ka ìyókù sétí gbogbo ilé.

Kí lẹ́tà má ju ojú ewé kan lọ: ohun tí ẹ kà, ọjọ́ tí ẹ kà á, ohun tí ẹ fẹ́, ọjọ́ tí ẹ retí èsì. Ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan lọ sọ́wọ́ wọn, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ìkejì fún yín, ìkẹta wà lọ́dọ̀ akọ̀wé yín. Ẹ lọ láàárọ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i rí.

Bí wọn kò bá dáhùn, ó kan òfin FOI ti ọdún 2011, òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Òfin yìí ló lágbára jù lọ́wọ́ òbí, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, kí òun bá a kọ ọ́ kó sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí (UBEC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀):

"Lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011, à ń bèèrè ẹ̀dà ìwé tó fi hàn: iye owó UBEC tí ìpínlẹ̀ yìí gbà láti ọdún 2022 sí 2024 àti iye tí ìpínlẹ̀ fi kún un, orúkọ ilé-ìwé tí wọ́n ná an sí ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n san fún un."

Ẹ bèèrè ti UBEC yẹn dáadáa. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ wá kó tó lè gba ti Àbújá. Bí kò bá mú un wá, Àbújá ni owó náà máa wà, tí òjò á sì máa pa ọmọ yín. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ́fíìsì tó bá fi ìwé dù yín láìtọ́ lè san ₦500,000. Ìpínlẹ̀ kan kò tún lè ní òfin náà kò kan òun, torí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni gómìnà sábà máa ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí náà oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni kí lẹ́tà yín ti délẹ̀. Èyí tó bá dé ní oṣù kejì, wọ́n ti pín owó tán. Nígbà kan náà, kí ẹni mẹ́ta lọ bá kánsílọ̀ àti aṣòfin àdúgbò: ọ̀kan á sọ̀rọ̀, ọ̀kan á kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan á gbé ìwé dání. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe é, kí ẹ sì fi lẹ́tà rán wọn létí ìlérí náà lọ́jọ́ kejì.

Òbí tí kò ní káàdì ìdìbò, olóṣèlú kì í kà á mọ́ ẹni tó ń bọ̀. Kí ẹni tó bá ti pé ọdún 18 forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, kí ẹni tó kó wá láti àdúgbò mìíràn gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù ilé-ìwé. Ẹ ka iye òbí tó ní káàdì, ṣùgbọ́n ẹ má gba káàdì tàbí nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú kẹ́gbẹ́ òṣèlú lè wá gbọ́ tẹnu yín. Bí wọ́n bá wá pẹ̀lú fìlà àti àpò ìrẹsì, ẹ kí wọn, ẹ má gbà á. Ọjọ́ tí ẹ bá ti dé fìlà ẹnì kan, àwọn tó kù kò ní ṣílẹ̀kùn fún yín mọ́.

Bí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ iye ohun èlò sí. Lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá sì já páànù sílẹ̀, kí òbí méjì wà níbẹ̀ láti kà á.